Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Ń Ké

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀fà tí ó máa ń wa bàálù láì kúrò nínú yàrá rẹ̀. Má tíì rẹ́rìn-ín. Gbé ọ̀rọ̀ tí o bá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin yìí fún ọ, nítorí mo wo ojú rẹ bí o ṣe ń wọlé, ojú ẹni tí ó ti dá ẹjọ́ tán kí ó tó wá gba ìmọ̀ràn ni.

Láti kékeré ni ọkùnrin náà ti fẹ́ràn bàálù. Nígbà tí ó di géńdé, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n ní kò ríran tó. Ó padà sílé, ó sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ búrẹ́dì. Nígbà tí ìyá náà kú, òun ni ó di olórí ilé búrẹ́dì. Síbẹ̀ ìfẹ́ bàálù kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí nǹkan rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀, ó ra kọ̀ǹpútà ńlá kan, ó to ojú ẹ̀rọ fífẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ó yọ àga lára ọkọ̀ àlòkù, ó ní kí àwọn tí ń jó irin bá òun ṣe ìtẹ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Símúlétọ̀ ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ yóò máa wa bàálù bí ẹni pé òótọ́ ni, gbogbo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lókè yóò ṣẹlẹ̀ sí i, àfi ikú nìkan. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní gẹ́ẹ̀mù. Bí o bá ń wá ìjà ọkùnrin náà, pè é ní gẹ́ẹ̀mù lójú rẹ̀.

Bàálù tí ó yàn láàyò kò tóbi. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kan níwájú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ méjèèjì ni ó sì ń fa bàálù lọ. Bí ọ̀kan bá kú lókè, èkejì lè gbé bàálù délé, bí awakọ̀ bá mọ ohun tí ó ń ṣe. Fi èyí sọ́kàn.

Bàbá kan ń gbé ní òpópónà kejì, àgbà awakọ̀ òfurufú tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni bàbá yìí máa ń wá, lẹ́yìn ìsìn. Yóò jókòó sẹ́yìn ọkùnrin náà pẹ̀lú àwo ẹ̀pà, yóò sì gbé pátákó kékeré kan lé itan, èyí tí ó fi lè ba ohunkóhun jẹ́ nínú bàálù láì sọ fún ẹni tí ń wà á. Ó lè pa iná. Ó lè rọ òjò sójú ọ̀nà. Ó lè pa ẹ́ńjìnnì. Ó sì ní ìlànà tirẹ̀ tí kì í yà kúrò nínú rẹ̀. Bí táyà bàálù bá ti kúrò nílẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí bàálù yóò fi balẹ̀, ìbáà balẹ̀ sórí títì, ìbáà balẹ̀ sínú igbó. Bọ́tìnnì kan tún wà lára kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè tẹ̀ kí ohun gbogbo dúró sójú kan, kí ó ráyè ronú. Ọjọ́ tí bàbá náà kọ́kọ́ rí bọ́tìnnì yìí ni ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́, tí ó jù ú sínú àpò bùbá rẹ̀. Ó ní lókè, kò sí ibi tí ènìyàn ti ń páàkì.

Wàyí o, ilé búrẹ́dì náà, èèyàn méjì ni ó gbé e ró. Àbúrò ọkùnrin náà obìnrin ni ó wà nídìí ààrò. Òun ni ó ń po ìyẹ̀fun, òun ni ó ń dúró ti iná, òun ni ó mọ ìgbà tí búrẹ́dì jinná láì ṣílẹ̀kùn ààrò wò. Ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà kan láti ìgbà ilé ìwé ni ó ń ra ìyẹ̀fun wọlé, tí ó sì ń kó búrẹ́dì lọ fún àwọn tí ń tà á ní ìlú àti ní ìletò. Ọ̀rẹ́ yìí jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. O kò lè bi í ní ohunkóhun kí ó má fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn. Ti àbúrò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ohun tí ó bá sì rí ni yóò sọ, ẹni yòówù kí ó wà níbẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láìtà. Àwọn ìletò tí wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì ìyá wọn láti ayébáyé ń ra ti ẹlòmíràn. Àbúrò pariwo. Ó ní ìyẹ̀fun tí wọ́n ń kó wá fún òun ti pẹ́ nílẹ̀ jù. Ó ní ọkọ̀ kì í tètè jáde mọ́, búrẹ́dì ti ń gan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ó pariwo níwájú àwọn oníbàárà, ó pariwo wọ inú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ kò pariwo. Ó fa ọkùnrin náà sí kọ̀rọ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ẹnu obìnrin yìí ni ó ń lé àwọn èèyàn sá. Ọkùnrin náà rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó gbà. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lókèèrè, inú rẹ̀ a ti ru kí ó tó mọ ohun tí ó ń sọ.

Ó wá pe ẹbí jọ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé òun yóò sọ níṣojú gbogbo wọn pé kí àbúrò òun fi ìdí ààrò sílẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣe é tí ó bá tọ̀nà, ilé búrẹ́dì ìyá wọn yóò yè. Bí ó bá ṣì í ṣe, yóò kú, kò sì sí ìyá mọ́ tí yóò dá òmíràn sílẹ̀ fún wọn. Ó mọ èyí. Ọ̀rọ̀ náà ti gba oorun lójú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àbúrò dá a dúró ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di ìyẹ̀fun díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó nà án sí i, ó ní kí ó fi imú kàn án wò. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Ojú ti ọkùnrin náà, ó sì rìn kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Nítorí náà, inú ríru ni ó fi jókòó sí àga rẹ̀ ní ọ̀sán. Bàbá awakọ̀ wà lẹ́yìn, ó ń bó ẹ̀pà. Lójú ẹ̀rọ, bàálù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ títì ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, òjò sì ń ṣú bọ̀ lókèèrè. Ó ti ọ̀pá agbára méjèèjì síwájú, ẹ́ńjìnnì méjèèjì bú, títì bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọ abẹ́ bàálù. Ó fa ìdarí mọ́ra. Táyà kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ó di òun nìkan.

Bàálù kò tíì ga ju orí igi lọ nígbà tí imú rẹ̀ ṣàdédé yí sí òsì. Kì í ṣe yíyí díẹ̀. Ó yí bí ẹni tí wọ́n fa létí. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìtẹ̀sẹ̀ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára títí ìdí rẹ̀ fi gbé kúrò lórí àga, imú bàálù sì rọra padà síwájú, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ náà bá dẹ̀ díẹ̀, yóò tún yà. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Òógùn ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tí yóò fi nù ún.

Ẹ́ńjìnnì kan ti kú, ìyẹn dá a lójú. Èwo ni? Bí ó bá ti mọ èyí tí ó kú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè kọ ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́, bí ẹni tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá, kí ó má baà máa fa bàálù sẹ́yìn. Kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí bàálù kò gòkè mọ́, igbó sì wà níwájú.

Ó wo òsì. Abẹ̀bẹ̀ òsì ń yí. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ó ṣe máa ń yí. Ọwọ́ agogo tí ń díwọ̀n agbára rẹ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀, kò gbọ̀n, iná kankan kò tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún. Ọ̀tún ń ké. Ọwọ́ agogo rẹ̀ ti wọ ojú pupa, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Iná pupa ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn. Agogo ìkìlọ̀ ń dún sí i létí láìdákẹ́. Ó sì dàbí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ọ̀tún yìí gan-an ni ó ń ti bàálù kúrò lójú ọ̀nà, nítorí láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni agbára tí ń tì í náà ti ń wá.

Ìka rẹ̀ wá bọ́tìnnì ìdádúró kiri lára kọ̀ǹpútà, ihò ni ó bá. Ó fẹ́ bi bàbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó rántí pé kò ní dáhùn. Orí igi ti kún ojú ẹ̀rọ. Agogo ń dún, iná ń tàn, ẹ́ńjìnnì ń ké, orí rẹ̀ sì gbóná. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò wá ẹ́ńjìnnì tí ó kú mọ́, ohun tí yóò mú kí ariwo náà dáwọ́ dúró ni ó ń wá. Ó di ọ̀pá ọ̀tún mú, ó fà á sẹ́yìn pátápátá.

Ariwo dákẹ́ lóòótọ́. Iná pupa kú. Imú bàálù tọ́ síwájú fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì sinmi. Ara tù ú, ó mí kanlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń gbọ́ ni afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ kọjá lára gíláàsì. Bàálù ń lọ geere, kò gbọ̀n, kò yà. Ẹ̀rín ti fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rí i pé ilẹ̀ ń ga bọ̀ wá bá òun. Ó fa ìdarí. Kò sí ohun tí ó dá a lóhùn. Bàálù wọ inú igbó, ojú ẹ̀rọ sì dúdú.

Bàbá awakọ̀ gbé ẹ̀pà tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ mì kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ wo ni ó ń dùn ọ́?"

Ọkùnrin náà ní ọ̀tún ni, pé ó ń gbọ̀n títí di bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

"Òsì ńkọ́?"

Ó ní òsì kò ṣe iṣẹ́ kankan.

"Ìhà tí ẹsẹ̀ rẹ kò ti ríṣẹ́ ṣe ni ẹ́ńjìnnì ti kú. Òsì ni mo pa. Ọ̀tún tí ó gbé ọ dúró, ìwọ ni o fi ọwọ́ ara rẹ pa á."

Ọkùnrin náà jiyàn. Ó ní abẹ̀bẹ̀ òsì ń yí, òun fi ojú ara òun rí i, ọ̀tún ni ó ń ké tí iná pupa ń tàn lórí rẹ̀. Bàbá náà ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Ó ní abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú kì í dúró lójijì. Bàálù ṣì ń lọ, afẹ́fẹ́ ìrìn bàálù ni yóò máa yí i. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé iṣẹ́ ni ó ń ṣe, ẹrù ni ó sì ti dà. Èkejì ni ó ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbóná, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ké. Bí imú bàálù bá sì yà, kì í ṣe pé èyí tí ó wà láàyè ń ṣe ibi, ó ń fà á ni, ẹnìkejì rẹ̀ ni kò bá a fà á.

"Òkú kì í gbóná," ni bàbá náà wí. "Tún un wà."

Wọ́n tún un wà. Bàbá náà kò pa òsì mọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sì ṣe é nígbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Ó dúró títí wọ́n fi wọ inú òjò, tí ọkùnrin náà kò rí ilẹ̀ mọ́, tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni imú bàálù fò sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni ó sáré tẹ̀ ẹ́. Ariwo tún bẹ̀rẹ̀, láti apá òsì báyìí, iná pupa, agogo, ohun gbogbo. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà sí ọ̀pá òsì kí ó tó mọ̀.

Ó dá ọwọ́ náà dúró lójú òfurufú. Ó fi lu itan ọ̀tún rẹ̀, itan tí kò ṣiṣẹ́. Ó fa ọ̀pá ọ̀tún sẹ́yìn díẹ̀ kí ó fi dán an wò, ohunkóhun kò yípadà nínú ìrìn bàálù. Ìgbà náà ni ó wá fà á parí. Abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún kọ ẹ̀gbẹ́ sí afẹ́fẹ́, ó dúró. Òsì ń ké, ó jẹ́ kí ó máa ké. Ó fara da ariwo náà nínú òjò, ó rọra yí bàálù padà sí Ìlọrin, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń jó o bí ẹni tí ó tẹ iná, ẹ̀rù ń bà á pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo yìí lè má dé ibẹ̀. Iná títì yọ láti inú òjò. Táyà kan kanlẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Bàálù dúró.

Bàbá náà ní ó ti mọ̀ ọ́n. Bàbá yìí kì í yin èèyàn, nítorí náà inú ọkùnrin náà dùn púpọ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, bàbá lọ sí ilé rẹ̀, òun náà wẹ̀, ó wọṣọ, ó sì forí lé agboolé wọn.

Àwọn ẹbí ti pé jọ. Àbúrò bàbá wọn jókòó sórí àga ọlọ́wọ́, àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀, ó jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà, ó ká fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ọkùnrin náà kò tíì la ẹnu nígbà tí àbúrò rẹ̀ dìde. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìsàlẹ̀ èékánná rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ forí jì mí fún ti àárọ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń ròkè. "Ṣùgbọ́n ẹ kì í wá sí ìdí ààrò mọ́. Èmi nìkan ni mò ń gbé iṣẹ́ yìí. Èmi ni mò ń po, èmi ni mò ń dá iná, èmi náà ni mò ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ búrẹ́dì kíkan. Ó ti fẹ́ pa mí, mo sì ń ké sí yín, ẹ ò gbọ́."

Ó ń sọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọmọ ìkókó kan jí, ó ń sunkún. Ọ̀rẹ́ náà tẹ orí ba, ó ń fi ọwọ́ pa fìlà rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ ojú gbogbo èèyàn lára rẹ̀, ó gbọ́ ariwo náà bí ó ṣe ń ga sí i, orí rẹ̀ sì gbóná. Àbúrò bàbá wọn na ọwọ́ sí i pé kí ó ṣe sùúrù. Ọkùnrin náà kò rí ọwọ́ náà.

"Àyìnkẹ́," ni ó wí fún àbúrò rẹ̀, "láti ọ̀la lọ, má wá sí ìdí ààrò mọ́."

Ariwo dákẹ́. Obìnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú gèlè rẹ̀, ó kí àwọn àgbà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì jáde. Ọkùnrin náà jókòó. Ara tù ú, ó mí kanlẹ̀.

Ṣé o rí nǹkan? Ẹsẹ̀ òsì tí ó fi mú bàálù wálé nínú òjò ṣì ń dùn ún bí ó ṣe jókòó síbẹ̀.

Ilé búrẹ́dì kò kú lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn ni ó tan ọkùnrin náà jẹ. Wọ́n gba ẹlòmíràn sídìí ààrò, ẹni náà kì í sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá kó fún un ni ó ń po. Kò sí ìjà ní ẹnu ọ̀nà mọ́. Ọkùnrin náà ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá pàdé pé ẹ ò rí i bí ara ṣe tù wá. Ọ̀rẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, fóònù wà létí rẹ̀, èèyàn rò pé iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Àwọn tí wọ́n mọ orúkọ ìyá wọn ṣì ń wá ra búrẹ́dì ní ẹnu ọ̀nà fúnra wọn, orúkọ òkú náà ni ó ń gbé wọn lọ. Ìletò kan kò gbà á mọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ti ń dá iná ààrò ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò dá a rárá. Ọ̀rẹ́ ti rí iṣẹ́ mìíràn níbòmíràn. Ó fi ẹ̀rín dágbére.

Ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí tó wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí. Ó bu ìkúnwọ́ kan, ó fi imú kàn án, ó ti ń rùn. Ó jókòó sílẹ̀ lórí àpò ìyẹ̀fun náà, ó sì sunkún bí ọmọdé, nítorí ohun gbogbo yé e pátápátá, títí kan ohun tí bàbá awakọ̀ ti sọ fún un tí òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe yege lójú ẹ̀rọ.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kúrò nídìí ààrò. Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ń múra sílẹ̀ de ẹnu rẹ̀. Ó ní kí ó bú òun, kí ó lé òun, kí ó ké sí òun lórí títí gbogbo àdúgbò yóò fi jáde wò ó. Ó gbàdúrà pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dé, obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi tútù fún un, ó sì bi í nípa àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà ní òun ti gbóòórùn ìyẹ̀fun náà, òun ti mọ̀ pé òun ni òun jẹ̀bi, òun wá bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá dá iná ààrò ìyá wọn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má da ara yín láàmú, bọ̀ọ̀dá mi," ni ó wí. "Mi ò bínú mọ́. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ààrò yẹn."

Ohùn rẹ̀ tutù. Ọkùnrin náà jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ariwo, ariwo kò dé. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ.

Ó dára, jẹ́ kí n wá yíjú sí ìwọ. O wá sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ẹnu ìyàwó rẹ ti pọ̀ jù, pé o ti ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ, pé o fẹ́ kí n bá ọ kó ẹrù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ilé rẹ lè tòrò. Àwọn àgbà ní ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Mo rí i pé o ń mi orí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Orí mímì kò tó nǹkan. Ọkùnrin yẹn ṣe ju kí ó mi orí lọ, ó gbé bàálù balẹ̀ nínú òjò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan, ó sì dìde lórí àga yẹn lọ pa èyí tí ó kù fún un.

Ta ni ó ń jí àwọn ọmọ rẹ lọ sí ilé ìwé? Ta ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún? Nínú gbogbo ohun tí o ní obìnrin yìí fi ń yọ ọ́ lẹ́nu, èwo ni kì í ṣe ti ilé rẹ? Ìwọ náà ńkọ́, ìwọ tí o ń lọ tí o ń bọ̀, ṣé iṣẹ́ ni o ń ṣe nínú ilé yẹn, àbí ìrìn ilé náà ni ó ń yí ọ? Mi ò ní kí o dá mi lóhùn.

Èmi kò ní bá ọ kó ẹrù ẹnikẹ́ni. Máa lọ sílé. Bí o bá débẹ̀ tí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké mọ́ ọ, bọ́ bàtà rẹ, jókòó, kí o sì gbọ́ ọ títí dé òpin, o ṣì ní ìyàwó. Ṣùgbọ́n bí o bá débẹ̀ tí o bá a tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ó gbé oúnjẹ fún ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, tí ó ní òun ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, má jẹun náà. Sáré wá pè mí.